Ta ló ṣẹ́kù sínú yàrá nígbà tí ọkùnrin náà jáde?

Arábìnrin kan tó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Eré alápá mẹ́tàlá ni mò ń kọ. Gbádébọ̀ ni ọkùnrin tí eré náà dá lé lórí. Ó ní dánfó mẹ́rin, ó lawọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo gáráàjì ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ ni, ó ń kó obìnrin jọ, ó sì ń jí owó ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo ka apá kìíní fún àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní èmi tí mò ń pe ara mi ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, báwo ni mo ṣe ń kọ ọkùnrin burúkú tí gbogbo ayé á fẹ́ràn? Ẹnìkan ní kí n sọ ọ́ di èèyàn dáadáa. Ẹlòmíràn ní kí n sọ ìyàwó rẹ̀ di akọni tí kì í sunkún. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù, mà, ni pé nígbà tí mo wo eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Breaking Bad, ọkùnrin burúkú inú rẹ̀ ni mò ń gbè lẹ́yìn, mo sì kórìíra ìyàwó rẹ̀ gan-an. Ṣé kì í ṣe pé ẹnu lásán ni ìjàfẹ́tọ̀ọ́ tèmi? Ṣé kí n pa Gbádébọ̀ tì ni?"

Àbúrò mi, má pa Gbádébọ̀ tì. Má sì fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti ka ojú ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n tí o fi ránṣẹ́, ọkùnrin yẹn ń mí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ó ti bá àgbàlagbà kan tí owó rẹ̀ kò pé san owó ọkọ̀ lójú mi. Ilé rẹ̀ nìkan ni n kò tíì dé. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń jí láàárọ̀, tó ń gbàdúrà, tó ń fún ìyàwó lówó oúnjẹ, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń padà wá sùn, kí la fẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá?

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ rí i pé nǹkan ń ṣe ìwé náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ibi tó ń dùn ún kọ́ ni wọ́n fọwọ́ bà. Ìwà Gbádébọ̀ kò ní wàhálà. Ojú tí o fi ń wò ó ni kí a jọ yẹ̀ wò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ padà sílé, sídìí àlọ́. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún un pé kó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ ń ta sánsán lójú ọ̀nà. Ìjàpá fi ìka kàn án, ó lá a. Ó tún lá a. Ó jẹ ẹ́ tán. Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ló bá sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀, àwa ọmọdé ń gbè é pé "àlùgbinrin," a ń rẹ́rìn-ín títí oorun á fi kùn wá.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó bi ara mi pé: Yánníbo ńkọ́? Òun lọ̀rọ̀ kàn. Òun ló ń retí. Ọbẹ̀ tí Ìjàpá jẹ, ìrètí ìyàwó rẹ̀ ló jẹ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n pa àlọ́ yẹn fún wa nílé, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Yánníbo ń ṣe nígbà tí ọkọ kò tètè dé. Kò ní orin kankan. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣòro obìnrin ló bí ìtàn náà, ikùn ọkùnrin ló parí sí.

Wò ó dáadáa, àlọ́ náà kò gbè sẹ́yìn Ìjàpá rárá. Ó fi í ṣẹ̀sín, ó fìyà jẹ ẹ́. Síbẹ̀, obìnrin náà pòórá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé tí o bá ti fìyà jẹ Gbádébọ̀ ní apá kẹtàlá, o ti ṣe ojúṣe rẹ sí obìnrin, má gbà. Èèyàn lè bá ọkùnrin wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó sì tún pa ìyàwó rẹ̀ rẹ́ mọ́ inú ìtàn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Breaking Bad tó ń já ọ láyà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ó parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, apá 62 ni. Vince Gilligan ló dá a sílẹ̀. Fún ẹni tí kò wò ó: Walter White jẹ́ tíṣà kẹ́mísìrì nílùú Albuquerque ní Amẹ́ríkà, dókítà sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í se oògùn olóró tà. Ó ní nítorí ìdílé òun ni.

Padà lọ wo apá kìíní. Ọkùnrin náà pé àádọ́ta ọdún. Skyler, ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún, gbé oúnjẹ àárọ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ẹran tí wọ́n fi ewébẹ̀ ṣe to nọ́ńbà 50 sórí ẹyin. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ, ohun tí Walter bá mọ̀ làwa náà ń mọ̀. A bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, Skyler kò sí níbẹ̀. A bá a dé aginjù tó ti ń se oògùn, Skyler kò mọ̀. Nígbà tó bá wá padà wálé tí ìyàwó bi í pé níbo lo wà láti àárọ̀, ìbéèrè tí aya èyíkéyìí lè bi ọkọ rẹ̀, ńṣe ló ń ṣe wá bíi pé ó fẹ́ tú àṣírí àwa náà. Àwa àti ọkùnrin yẹn ti jọ mulẹ̀. Obìnrin náà wá di àjèjì nínú ilé ara rẹ̀, ó di olófòófó, ó di ẹni tí kò jẹ́ kí ọkọ rí ìsinmi.

Ìdí tí o fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a bá bá mulẹ̀ là ń gbè. Ìjàfẹ́tọ̀ọ́ rẹ kì í ṣe ẹnu lásán, àbúrò mi. Wọ́n mú ọ lójú ni, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ kò kéré o. Anna Gunn, tó ṣe Skyler, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn New York Times ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ó sọ bí ìkórìíra Skyler ṣe fò bọ́ sórí òun fúnra rẹ̀, débi pé ẹnìkan ń béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ibi tí òun ti lè rí Anna Gunn kí òun pa á. Òṣèré tó ṣe ìyàwó ni wọ́n ń wá láti pa. Ẹni tó pa èèyàn nínú eré náà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Gilligan alára sọ ọ́ gbangba nígbà kan pé àwọn tó ń bínú sí àwọn ìyàwó inú eré òun kórìíra obìnrin ni. Mo gbà fún un dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń kọ eré láti nǹkan bí ogún ọdún, n kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru òǹwòran. Àwa la yan ibi tí kámẹ́rà dúró sí.

Àwọn òǹkọ̀wé eré yẹn náà sì yí kámẹ́rà padà nígbà tó yá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tìrẹ wà. Ní 2012, nínú apá tí wọ́n pè ní "Fifty-One," Walter tún pé ọdún kan sí i. Wọ́n jókòó síta, ó ń ròyìn àìsàn rẹ̀ fún àwọn àna. Skyler dìde láàárín ọ̀rọ̀, taṣọ-taṣọ, ó rìn wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn, omi bò ó lórí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn nínú yàrá, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ọmọ òun kò ní gbé nínú ilé yìí mọ́. Walter bi í pé ọgbọ́n wo ló fẹ́ dá. Ó mú ọgbọ́n kan wá, ọkùnrin náà fọ́ ọ. Ó mú òmíràn wá, ó tún fọ́ ọ, títí gbogbo ilẹ̀kùn fi tì mọ́ obìnrin náà lójú. Skyler wá ní ohun kan ló kù tí òun lè ṣe, kí òun máa dúró. Walter ní kí ló ń dúró dè? Ó ní kí jẹjẹrẹ náà padà.

Mo dá eré náà dúró níbẹ̀, mo lọ bu omi mu.

Walter kò di èèyàn rere nínú ìran yẹn. Kò sẹ́ni tó fún Skyler níbọn. Ẹ̀rù ń bà á, ó ti pàdánù, ó sì ń sunkún. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fún ìgbà yẹn, a wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀. A rí ọkùnrin tí a ti ń gbè lẹ́yìn látọjọ́ yìí láti ibi tí obìnrin náà dúró sí. Láti ibẹ̀, ọgbọ́n orí Walter tó ń dùn mọ́ wa ti di ọ̀bẹ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan, Moira Walley-Beckett, kọ apá tí wọ́n pè ní "Ozymandias," ó sì fi gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún ìwé eré ní 2014. Skyler dúró nínú ilé, tẹlifóònù wà nítòsí, àwọn ọ̀bẹ ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà fi méjèèjì hàn wá pọ̀. Ọ̀bẹ ló mú. Wọ́n wọ̀yá ìjà, ọmọkùnrin wọn fi ara rẹ̀ sáàárín, ó sì pe ọlọ́pàá sí bàbá tó bí i. Walter ń pariwo pé ìdílé kan ni wá. Ọ̀rọ̀ tó fi ń bora láti apá kìíní wá ṣí kúrò lára rẹ̀ lójú ìyàwó àti ọmọ tó ń gbọ̀n. Ní apá ìkẹyìn pátápátá ló tó sọ fún Skyler, òun gan-an ló sọ ọ́ fún, pé òun ṣe é fún ara òun ni, ó wu òun, ó sì mọ́ òun lọ́wọ́.

Nípa ti akọni obìnrin tí kì í sunkún: jọ̀wọ́, má ṣe é. Obìnrin tí kò ní àléébù kò sàn ju èyí tí kò lẹ́nu lọ, èèyàn kọ́ ni méjèèjì. Nínú The Sopranos, tí HBO gbé jáde láti 1999 sí 2007, Carmela jẹ́ ìyàwó Tony, olórí ọ̀daràn. Ní 2001, ó lọ bá dókítà àgbàlagbà kan pé kó gba òun nímọ̀ràn. Ó rò pé wọ́n á kọ́ òun bí òun ṣe lè tún ìgbéyàwó òun ṣe. Dókítà yẹn kọ owó rẹ̀, ó ní owó ẹ̀jẹ̀ ni, ó ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kó máa lọ, pé ohun kan tí kò ní lè sọ láé ni pé wọn kò sọ fún òun. Carmela kò lọ. Ilé ńlá, wúrà, ọkọ̀, ó mọ ibi tí owó wọn ti wá, ó ń jẹ ẹ́. Ìran kan péré nìyẹn, ó sì ti fi Carmela ṣe èèyàn ju kí ó gbá ọkọ rẹ̀ létí nígbà mẹ́wàá lọ, torí ó fún un ní ẹ̀rí-ọkàn tó lè ṣẹ̀ sí.

Nínú eré kan náà, lọ́dún kan náà, ọkùnrin kan fipá bá Dókítà Melfi lò pọ̀, òfin sì tú u sílẹ̀. Obìnrin yìí ló ń tọ́jú ọkàn Tony. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Tony, ọkùnrin yẹn ti kú. Àwa tí a ń wò ó ń fẹ́ kó sọ ọ́. Tony bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní rárá. Eré parí síbẹ̀. Robin Green àti Mitchell Burgess ló kọ ọ́. Wọ́n jẹ́ ká fẹ́ ìwà burúkú Tony fún ara wa, kí a tó mọ̀ pé ohun tí a ń fẹ́ nìyẹn. (Mad Men, eré Amẹ́ríkà mìíràn, náà tètè mọ ọgbọ́n yìí: ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé Don Draper, ọkùnrin tí eré náà dá lé lórí, ní 2007 ni Peggy, akọ̀wé rẹ̀ tuntun, kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí náà ojú ẹlòmíràn ti wà lára ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.)

O lè ní òkè òkun ni gbogbo èyí. Rárá, àwa náà ní tiwa. Obìnrin ló kọ Chief Fuji. Amaka Igwe, tó fi wá sílẹ̀ ní 2014, ló mú ọkùnrin olóyàyà, oníyàwó rẹpẹtẹ yẹn jáde láti inú Checkmate, ó sì kọ́ ilé odidi fún un nínú Fuji House of Commotion. Kunle Bamtefa ṣe é débi pé kò sẹ́ni tó lè kórìíra rẹ̀. Àléébù Chief pọ̀ bí irun orí. Ṣùgbọ́n rántí ilé yẹn dáadáa: ta lo mọ̀ níbẹ̀? Àwọn ìyàwó. O mọ Peace tí Ngozi Nwosu ṣe, o mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, o mọ ohun tó ń bí i nínú. Chief lè jáde, kámẹ́rà á dúró ti àwọn obìnrin ní pálọ̀, a ń gbọ́ ìjà wọn, ìlara wọn, ète tí wọ́n ń pa kí ó tó dé. Ẹ̀fẹ̀ ìjà orogún wà níbẹ̀ tí èmi kò ní kọ lónìí. Àmọ́ bí Chief Fuji bá jáde, ìtàn kì í bá a jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa bi ara rẹ nìyẹn ní gbogbo ìran: ta ló ṣẹ́kù sínú yàrá nígbà tí Gbádébọ̀ jáde, ǹjẹ́ mo bá a dúró?

Àwọn tó máa gbé eré náà jáde máa ní kí o yọ irú ìran bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí fún ọ nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo kọ eré kan fún ilé iṣẹ́ kan. Ìran kan wà níbẹ̀ tí kò pé ìṣẹ́jú kan: ìyàwó ń kó aṣọ ìdọ̀tí jọ, ó gbé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kan símú, ó dúró díẹ̀, ó wá yọ ẹ̀wù náà sọ́tọ̀, ó dá a fọ̀, ó sá a sórí okùn jìnnà sí aṣọ àwọn ọmọ. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìtàn ń falẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gé e. Nígbà tí eré jáde, àwọn obìnrin ọjà tí mo bá pàdé ń sọ fún mi pé ìyàwó yẹn ti gọ̀ jù, gbogbo àdúgbò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, òun nìkan ni kò mọ̀. Ó mọ̀! Ìṣẹ́jú tó fi mọ̀ ni wọ́n gé dà nù. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Ohun kan tún wà nínú àlàyé apá kẹsàn-án rẹ. O ní wọ́n á pa ọmọbìnrin tí Gbádébọ̀ ń fẹ́ níta, kí Gbádébọ̀ lè ronú pìwà dà. Yọ ọ́. Ní 1999, Gail Simone, òǹkọ̀wé ìwé aláwòrán ní Amẹ́ríkà, kó orúkọ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ jọ: àwọn tí wọ́n pa, tí wọ́n fipá bá lò, tí wọ́n sọ di aláàbọ̀ ara, kí inú akọni lè bàjẹ́ dáadáa. Orúkọ wọn pọ̀. Ọmọbìnrin tìrẹ kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́fà lọ, mo kà á. Má pa ẹni tí o kò tíì jẹ́ ká mọ̀.

Jẹ́ ká wá sí ojú ìwé kọkànlá. Gbádébọ̀ ṣí àpótí ìyàwó rẹ̀, ó kó owó èésú. Ìyá Ṣọlá wọlé, ó rí àpótí ní ṣíṣí, ó kígbe, ó sunkún. O gé e níbẹ̀, o gbé wa lọ sí gáráàjì, Gbádébọ̀ ń ra bíà fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń kì í. Ìran gáráàjì gba ojú ìwé mẹ́rin. Ẹkún ìyá Ṣọlá gba ìlà mẹ́ta.

Èló ni owó náà? O kò sọ. Èésú lo kọ, á jẹ́ pé owó àwọn obìnrin mìíràn wà nínú rẹ̀. Ta ni èésú kàn lọ́sẹ̀ yìí, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Báwo ni ìyá Ṣọlá ṣe ń mọ ẹni tó ti dá àti ẹni tí kò tíì dá? Ìyá mi ṣe olórí èésú fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò mọ̀wé. Ọ̀rá kéékèèké ló fi ń di owó olúkúlùkù, òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ń so ó. Òwú pupa ni ti ìyá Risi. Òwú dúdú ni ti ìyá alákàrà. Bí olè bá kó irú owó bẹ́ẹ̀, á já ọ̀rá, á kó owó, á sì da òwú sílẹ̀.

Nítorí náà, jẹ́ kí Gbádébọ̀ kó owó, kó jáde, kó máa lọ ra bíà rẹ̀. Má tẹ̀ lé e. Jẹ́ kí ìyá Ṣọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó máa ṣa òwú. Kó sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kó máa kà wọ́n, kó máa pe orúkọ ẹni tó ni wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, kọ ìran ọjọ́ Sátidé tí àwọn obìnrin yẹn pàdé. Kí ó gùn tó ti gáráàjì. Gbádébọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú fóònù. Irọ́ wo ni ìyá Ṣọlá máa pa láti bo ọkọ rẹ̀? Ta ni nínú wọn tí kò ní gbà á gbọ́, tí á kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀? Fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fọwọ́ kan apá kejì.